Omi Tó Ń Dì Nínú Ilé Onítáyà: Ìdáhùn fún Àlàájà Kan ní Ọ̀ffà

Àlàájà kan kọ̀wé sí mi láti Ọ̀ffà. Ó ní: "Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Alberta, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Nítorí pé owó ilé ti wọ́n jù, ó ra ilé onítáyà tí wọ́n ń pè ní RV, inú rẹ̀ sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni omi inú rẹ̀ dì gbagidi tí páìpù sì bẹ́. Òtútù mìíràn ti ń bọ̀. Mo ní kí ó fi ìbora tó nípọn wé táńkì omi náà, kí ó da iyọ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì máa gbé àdògán èédú sínú ilé lálẹ́, bí àwa náà ṣe máa ń ṣe nígbà ọyẹ́. Òun sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan ní kí òun ra omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó tún ní atẹ́gùn ibẹ̀ ni ọ̀tá òun, pé bí òtútù bá jẹ́ dígírì 25 lábẹ́ òdo, atẹ́gùn lè sọ ọ́ di 38. Èmi ti ta omi dídì rí nídìí rélùwéè Ọ̀ffà, mo mọ ohun tí yìnyín ń fi ojú ike rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ. Kí ni kí ó ṣe?"

Àlàájà, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ó sì ká mi lára. Ọdún 17 ni mo fi ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà ní Alberta kí n tó padà wá sílé sí Ìlọrin, irú ilé onítáyà yìí gan-an ni mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà tún ṣe. Ohun méjì ni mo rí nínú ìbéèrè yín: ohun tí ọmọ yín lè ṣe tí omi rẹ̀ kò fi ní dì mọ́, àti èyí tó yẹ kí ó jù nù nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ti fún un. Èkejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ìmọ̀ràn náà lè gba ẹ̀mí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé àdògán èédú wọ inú ilé náà, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá ló mú yín sọ ọ́, mo sì mọ̀ bí iná èédú ṣe máa ń dùn ún yá ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn lójú bí èéfín igi. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gba ipò afẹ́fẹ́ rere tí à ń mí sínú, tí orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ènìyàn, tí òòyì yóò máa kọ́ ọ, tí oorun yóò sì gbé e lọ. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ̀ pé òun ń kú. Ilé wa níhìn-ín ní fèrèsé tó ń jò, ilẹ̀kùn tí kò bá ara mu, àti àjà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, síbẹ̀ náà a ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nípa àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ilẹ̀ kò fi mọ́ bá wọn. Ilé onítáyà kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ, rọ́bà ni wọ́n sì fi dí gbogbo etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ kí òtútù má baà wọlé. Ohun tó ń dí òtútù náà ló ń dí afẹ́fẹ́ rere. Sítóófù gáàsì tí wọ́n fi ń dáná kò gbọdọ̀ di ohun tí wọ́n ń yá mọ́jú, kò sì gbọdọ̀ gbé iná kankan sábẹ́ ilé náà, nítorí pé pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, páìpù gáàsì sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Alámù kan máa ń wà lára ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá pọ̀ jù. Kí ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lálẹ́ òní, kí ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wo ọdún tí wọ́n ṣe é, nítorí pé alámù náà máa ń gbó, èyí tó bá sì ti gbó lè máa tan iná wínníwínní bí ẹni pé ara rẹ̀ le.

Omi aláwọ̀ ewé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ nínú ewu. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ethylene glycol, ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n ṣe é fún, májèlé sì ni fún ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn. Ó máa ń dùn lẹ́nu díẹ̀, kíndìnrín ló sì máa ń bà jẹ́. Kò gbọdọ̀ kan táńkì tàbí páìpù tí omi mímu ń gbà kọjá láéláé. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé onítáyà ní àwọ̀ tó jọ omi sóbò tí wọ́n là púpọ̀, propylene glycol ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe májèlé. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbé ara lé àwọ̀ nìkan, kí ó ka ara ike rẹ̀, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n fi ọtí líle ṣe, tí wọ́n máa ń gbẹ rọ́bà inú pọ́ńpù àti jọ́ọ̀ǹtì. Kí ó sì mọ̀ pé a kì í da ti inú ilé onítáyà náà sínú omi tí à ń lò lójoojúmọ́. Inú páìpù tí a ti fa omi rẹ̀ jáde ni a ń dà á sí. Bí omi bá ti pọ̀ tó nínú rẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò ṣe dín kù tó. Nọ́ńbà ńlá tó wà lára ike náà, tó sábà máa ń jẹ́ 46 lábẹ́ òdo, tún máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ: ìyẹn ni ibi tí kò fi ní bẹ́ páìpù, kì í ṣe ibi tí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ó ti lè dà bí ògì tútù kí òtútù tó dé dígírì 15 lábẹ́ òdo, síbẹ̀ kò ní ṣe páìpù ní nǹkan kan.

Ti iyọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Òótọ́ ni pé omi oníyọ̀ kì í tètè dì, ṣùgbọ́n omi òkun pàápàá, pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ rẹ̀, kò lè kọjá nǹkan bí dígírì 2 lábẹ́ òdo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Kí iyọ̀ tó lè ṣọ́ táńkì olómi lítà 150 dé dígírì 20 lábẹ́ òdo, yóò gbà ju kílógíráàmù 40 lọ. Ta ni yóò mu omi náà? Ta ni yóò fi fọ aṣọ? Gbogbo irin tó bá sì fọwọ́ kàn ló máa jẹ.

Nípa ìbora, ẹ̀yin fúnra yín ti ní ìdáhùn náà láti ìgbà tí ẹ ti ń ta omi dídì nídìí rélùwéè. Kí ni ẹ máa ń fi bo yìnyín kí ó má baà tètè yọ́? Àpò ìdọ̀họ ni, tàbí ìbora àtijọ́, tàbí kí ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó lé e lórí. Bí ẹ bá sì gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú àpò kan náà, ọbẹ̀ náà kò ní tètè tutù. Àpò kò mọ èwo ni òtútù, kò mọ èwo ni ooru. Kò ní ooru tirẹ̀ tó lè fún ohunkóhun. Ṣe ló ń dá èyí tó wà níbẹ̀ dúró kí ó má baà tètè jáde. Ìbora mú ara yín móoru lóru nítorí pé ara yín gan-an ni iná tó ń jó nínú rẹ̀. Táńkì omi kò ní iná nínú. Bí ẹ bá fi ìbora mẹ́wàá wé e tí òtútù sì wà níta fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò dì ní ọjọ́ kẹta dípò ọjọ́ kìíní. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdé tí wọ́n ná owó gidi sórí ohun tí wọ́n fi ń wé táńkì láì bi ara wọn léèrè pé níbo ni ooru tí àwọn ń wé náà yóò ti wá.

Ti atẹ́gùn ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ kò pé. Nọ́ńbà 38 tí ọmọ yín gbọ́ yẹn, ara ènìyàn ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún: bí awọ ojú ṣe máa ń tètè pàdánù ooru nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù ú. Táńkì tó wà nínú afẹ́fẹ́ dígírì 25 lábẹ́ òdo kò lè tutù kọjá 25 lábẹ́ òdo, ó kàn máa yára dé ibẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé èyí lè ṣòro fún yín láti gbà, nítorí pé omi inú àmù nígbà ọyẹ́ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, atẹ́gùn gbígbẹ ló sì ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni àmù. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ikùn àmù tí wọ́n mọ ní Ìlọrin níhìn-ín, ọwọ́ yín yóò tutù, nítorí pé omi ń là á jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá là jáde, atẹ́gùn á gbẹ ẹ́, gbígbẹ yẹn ló sì ń fa ooru kúrò lára èyí tó kù nínú. Ike ni táńkì ọmọ yín, omi kì í là á. Síbẹ̀ atẹ́gùn ṣe pàtàkì, torí pé ó ń gba abẹ́ ilé náà kọjá, ó sì ń kó gbogbo ooru tí ó yẹ kí ó dúró níbẹ̀ lọ. Ìdí abájọ nìyí tí n óò fi padà sórí ọ̀rọ̀ dídí abẹ́ ilé.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí omi bá ń dì, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ná owó rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Ẹ rántí ike omi tí ènìyàn bá kún dé ẹnu tí ó sì gbé sínú fírísà: ìdí rẹ̀ á wú, á sì là. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí páìpù tó lágbára tó láti sọ pé kí ó má fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí omi tó di yìnyín, ooru púpọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Omi tó ti dé òdo kì í kàn dì lójú kan náà. Ooru tí yóò tún jáde lára rẹ̀ kí ó tó dì tán pọ̀ tó èyí tí a lè fi gbé ìwọ̀n omi kan náà láti òdo dé dígírì 80, èyí tí ọwọ́ kò lè gbà mọ́. Nítorí náà táńkì ńlá tó kún máa ń pẹ́ kó tó dì. Páìpù tín-ín-rín tí omi inú rẹ̀ kò tó ife kan kò ní ooru tó tó nǹkan láti pàdánù, òun ló ń kọ́kọ́ dì. Nínú gbogbo àwọn ilé tí wọ́n pè mí sí, tí wọ́n ní táńkì àwọn ti dì, èyí tí táńkì rẹ̀ dì ní tòótọ́ kò pọ̀. Omi wà nínú táńkì. Igun páìpù kan nítòsí ìdí táńkì ló ti dì, tàbí ife asẹ́ kékeré tó wà níwájú pọ́ńpù, èyí tí wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe tó sì máa ń là bí ẹyin. Ẹ bá mi bi ọmọ yín pé kí ni ó là gan-an lọ́dún tó kọjá, nítorí pé ibi tó là ni yóò sọ ibi tí òtútù ń gbà wọlé.

Mo fura sí ohun kan, mo sì fẹ́ fi bí mo ṣe rí i lẹ́ẹ̀kan ṣàlàyé rẹ̀. Ọkùnrin kan pè mí ní oṣù kìíní ọdún, òtútù ọjọ́ náà tó dígírì 28 lábẹ́ òdo. Nígbà tí mo wọlé, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré ń ṣeré nílẹ̀ láì wọ bàtà, ooru inú ilé náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè mi kíákíá. Síbẹ̀ kò sí ẹ̀rọ omi kan tó yọ. Mo ṣí àpótí abẹ́ ibi ìfọ-àwo, mo ki ọwọ́ bọ inú ihò tí páìpù gbà wọ ilẹ̀, ìka mi kan yìnyín wínníwínní tó ti hù sára páìpù náà bí òwú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: láti dín owó gáàsì kù, ó ti pa ẹ̀rọ amúlémóoru onígáàsì tó bá ilé náà wá, ó sì ra hítà méjì tó ń lo iná mànàmáná, tó gbé wọn sí àárín yàrá. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ onígáàsì yẹn kì í fẹ́ ooru sínú yàrá nìkan. Ọ̀nà kan wà tó ń gbà fẹ́ díẹ̀ nínú ooru náà sábẹ́ pákó ilẹ̀, níbi tí táńkì àti páìpù wà. Nígbà tó pa á, yàrá móoru, abẹ́ ilẹ̀ di fírísà. Bí ilé ọmọ yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n bo abẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ ooru síbẹ̀, kò gbọdọ̀ pa á nígbà òtútù líle, bó ti wù kí yàrá móoru tó láti ibòmíràn. Kí ó sì máa ṣí àwọn àpótí abẹ́ ibi ìfọ-àwo sílẹ̀ lálẹ́ kí ooru yàrá lè dé ibi tí páìpù fara pamọ́ sí.

Owó gáàsì náà kì í ṣe àwàdà, mi ò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlémóoru tó wọ́pọ̀ nínú ilé onítáyà lè jó sílíńdà kílógíráàmù 9 tán láàárín nǹkan bí wákàtí 14 bó bá ń jó láì dáwọ́ dúró. Kì í jó láì dáwọ́ dúró, ó máa ń tàn ó sì máa ń kú, ṣùgbọ́n ní òru tí òtútù bá le gidi, sílíńdà kan lè má ju ọjọ́ kan àbọ̀ lọ. Kí ó ní sílíńdà méjì, kí èkejì sì máa wà ní kíkún nígbà gbogbo, nítorí pé aago mẹ́ta òru ni gáàsì fẹ́ràn láti tán. Fáànù ẹ̀rọ náà tún ń lo bátìrì. Bí bátìrì bá kú, gáàsì lè kún sílíńdà kí ilé sì dì. Bátìrì olómi tí iná inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ pàápàá máa ń dì, èyí tó jẹ́ lithium kò sì gbọdọ̀ gba iná sára nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù kọjá òdo.

Ohun kejì tí mo gbà á nímọ̀ràn ni kí ó dí abẹ́ ilé náà yíká, láti ìdí ògiri dé ilẹ̀, pẹ̀lú pátákó fóòmù tó nípọn, kí ó sì ṣe é kí ilẹ̀ tó le jù láti kan èèkàn sí. Èyí kò tako ohun tí mo sọ nípa ìbora. Ooru wà níbẹ̀ ní tirẹ̀: díẹ̀ ń jò láti ilẹ̀ yàrá, díẹ̀ ń gòkè láti inú erùpẹ̀, atẹ́gùn ló kàn ń gbé e lọ. Bí a bá dá atẹ́gùn dúró, ibẹ̀ yóò móoru ju ìta lọ ní dígírì tó pọ̀. Àwọn kan ń to koríko gbígbẹ alápò yíká, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eku fẹ́ràn rẹ̀, iná sì fẹ́ràn rẹ̀ ju eku lọ. Ohunkóhun tó bá fi dí i, kò gbọdọ̀ dí ihò tí èéfín ẹ̀rọ amúlémóoru ń gbà jáde lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí yìnyín kóra jọ bò ó.

Wọ́n tún ń ta ohun pẹlẹbẹ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí táńkì, tó ń lo iná bátìrì, tó máa ń tan ara rẹ̀ nígbà tí táńkì bá súnmọ́ dígírì 7 tó sì máa ń pa ara rẹ̀ nígbà tó bá móoru tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀. Kò ju nǹkan bí wáàtì 100 lọ. Ó lè dá táńkì tí kò tíì dì dúró kí ó má dì, kò lè yọ́ èyí tó ti dì: táńkì lítà 150 tó di yìnyín tán yóò gbà á tó ọjọ́ mẹ́fà, bí ooru rẹ̀ kankan kò bá tilẹ̀ ṣòfò. Kò sì ran páìpù lọ́wọ́ rárá. Bí ó bá ń gba omi láti ẹ̀rọ ìta, kí ó má ṣe fi rọ́bà omi sílẹ̀ níta mọ́jú. Kí ó kún táńkì ní ọ̀sán, kí ó tú rọ́bà náà, kí ó gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kí ó sì ká a wọlé. Àwọn tó ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí omi máa kán tótó, kí ó má baà dì, ilé tó ní ọ̀nà omi ẹ̀gbin tó jinlẹ̀ ni ìyẹn wà fún. Nínú ilé onítáyà, omi tó ń kán náà yóò kún táńkì ẹ̀gbin mọ́jú.

Táńkì ẹ̀gbin náà ní òfin tirẹ̀, tó rọrùn: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ó tó ṣí i dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣí i sílẹ̀ kí omi ìfọ-àwo lè máa ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, omi díẹ̀díẹ̀ yẹn ló sì ń dì sínú páìpù, tí yóò máa nípọn lójoojúmọ́ títí ọ̀nà yóò fi dí pátápátá. Irú èyí ni mo kórìíra jù láti tún ṣe. Kí ó máa da díẹ̀ nínú omi propylene glycol yẹn sínú táńkì ẹ̀gbin méjèèjì, ti omi ìfọ-àwo àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Báyìí, Àlàájà, n óò sọ ohun tí èmi ìbá ṣe bó bá jẹ́ ọmọ tèmi. Mi ò ní bá òtútù Alberta jà lórí omi inú páìpù. Láti ìgbà tí òru bá ti ń lọ sí dígírì 15 tàbí 20 lábẹ́ òdo léraléra, n óò fa gbogbo omi inú táńkì àti páìpù jáde, n óò sì máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé ilé. Èyí kò le fún ọmọ Ọ̀ffà. Gbogbo wa la dàgbà sídìí kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Títí di òní, bí ẹ̀rọ omi bá dá ní Ìlọrin, ìyàwó ilé kan kì í sọ pé ayé ti bàjẹ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 mẹ́ta tó wà nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí kò ní dì láé, nítorí pé bí yàrá náà bá tutù tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni wọn yóò máa sọ. Kí wọ́n máa sè omi ìwẹ̀ lórí gáàsì, tàbí kí wọ́n lo balùwẹ̀ ibi tí wọ́n gbé ilé náà sí, kí wọ́n fọ àwo nínú ọpọ́n, kí wọ́n sì da omi rẹ̀ síbi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin sí níbẹ̀. Ìnira wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, torí òun náà ni yóò máa gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí kẹ́ẹ̀gì kan tó bẹ́ páìpù.

Bí yóò bá fa omi náà jáde, ẹ̀rọ tó ń sè omi ìwẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ pa, kí ó jẹ́ kí ó tutù mọ́jú, kí ó tó ṣí ìdí rẹ̀. Omi gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ lè bó ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ẹnu ìdí táńkì, àti ẹnu méjì tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá fún páìpù omi gbígbóná àti tútù, tí yóò sì ṣí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé títí kan ti balùwẹ̀. Kí ó fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù, ṣùgbọ́n kí agbára atẹ́gùn náà má ju èyí tí fọ́kánáísà ń fún táyà ọkọ̀ kékeré lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jọ́ọ̀ǹtì yóò tú. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìse omi tí yóò yí, kí omi propylene glycol má baà wọ inú rẹ̀ ṣòfò. Yóò wá jẹ́ kí pọ́ńpù fa omi náà láti inú ike rẹ̀, tí yóò máa ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yọ níbẹ̀, tí yóò sì da díẹ̀ sí ihò ibi ìfọ-àwo àti ti balùwẹ̀, torí pé omi máa ń dúró sí kọ́lọ́fín abẹ́ wọn. Gálọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta máa ń tó. Nígbà tí òtútù bá lọ, kí ó fi omi tó mọ́ ṣan gbogbo rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó mu níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ó ti dì nígbà tí ìwé yìí bá máa dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó pa pọ́ńpù, kí ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí èyí tó bá ń yọ́ lè rí ọ̀nà jáde, kí ó sì fi ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun máa fẹ́ ooru sí páìpù náà, láti ìhà ẹnu ẹ̀rọ omi lọ sẹ́yìn. Iná tó ń jó kò gbọdọ̀ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ da omi híhó lé ike tó ti tutù bẹ́ẹ̀. Kí ó ní àkísà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì nítòsí, nítorí pé páìpù tó là kì í jò títí yìnyín inú rẹ̀ yóò fi yọ́.

Mi ò rí ilé náà lójú, láti Ìlọrin níhìn-ín mi ò sì lè sọ bóyá wọ́n bo abẹ́ rẹ̀ tàbí táńkì rẹ̀ wà ní gbangba. Ohun tó lè sọ ọ́ kò wọ́n: ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo òtútù, irú èyí tó ní okùn gígùn, tí a lè ki orí rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá táńkì kí a sì máa ka nọ́ńbà rẹ̀ nínú yàrá. Kí ó rà á lọ́sẹ̀ yìí, kí ó kà á fún òru mẹ́ta ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí òtútù máa ń mú jù, kí ó sì kọ òtútù ìta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́ ilẹ̀ bá ti ń bọ́ sísàlẹ̀ dígírì 4 nígbà tí ìta ṣì jẹ́ 10 lábẹ́ òdo, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi jáde láì dúró dè mí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò abẹ́ ilé náà, n óò sì sọ ibi tó yẹ kí ó kọ́kọ́ dí.